Ebi Kì í Pa Ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ọ̀rọ̀ kan wà nítòsí wa tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ ti òkèèrè wò, kí ó má baà gún wa lójú ju bí ó ti ń gún wa lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ eré àsápajúdé tí àwọn awakọ̀ ń sá ní ojú ọ̀nà wa ní agbègbè Japara yìí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ọ̀rù, láti Ọ̀rù dé Àgọ́-Ìwòyè, títí lọ dé àwọn ìlú etí omi, àti ní ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣàgámù wá, tí ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já lọ sí Ọ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì mọ ẹnì kan tí ó wọ ọkọ̀ níbẹ̀ tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ni à ń wí? À ń wí pé bí Ọlọ́run ti fẹ́ ẹ nìyẹn. À ń wí pé ọjọ́ ló pé. À ń wí pé ebi ló ń pa ọ̀nà ní ọjọ́ náà. Bí ẹnì kan bá sì ń lọ sí ìrìn-àjò, àdúrà tí a ó gbà fún un ni pé kí ó má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. N kò bá àdúrà jà o. Ṣùgbọ́n èrò tèmi, tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé ebi kì í pa ọ̀nà. Ọ̀dà àti òkúta ni ọ̀nà. Kò ní ẹnu, kò sì ní ikùn. Àwa ènìyàn ni a ń fi ara wa bọ́ ọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí eré sísá gan-an jẹ́ iṣẹ́ wọn, àwọn tí ń fi mọ́tò díje, kí a rí ohun tí wọ́n ṣe tí ikú fi dín kù láàárín wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni àwọn òyìnbó ti ń fi mọ́tò sáré ìje. Wọn a gbéra ní ìlú kan, wọn a forí lé ìlú mìíràn, wọn a sì la àárín ìletò àti ọjà kọjá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1903, àwọn ọkọ̀ gbéra ní Versailles ní ẹ̀gbẹ́ Paris, wọ́n ń lọ sí Madrid ní ilẹ̀ Spéènì, ìrìn tí ó lé ní 1,000 kìlómítà. Èrò tò sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni ń wo eégún. Eruku sọ, awakọ̀ kò rí iwájú, òǹwòran kò sì mọ bí ọkọ̀ ti ń yá tó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Bordeaux, awakọ̀ ti kú, mẹkáníìkì ti kú, òǹwòran ti kú. Marcel Renault, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Renault sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó bá eré náà lọ. Ìjọba ilẹ̀ Faransé kò dúró de Madrid. Bordeaux ni wọ́n ti fòpin sí i. Wọn kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni tan mọ́tò rẹ̀ padà sílé: ẹṣin ni wọ́n fi wọ́ àwọn ọkọ̀ náà lọ sí ibùdó rélùwéè, rélùwéè ni ó sì kó wọn padà sí Paris.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, òfin ọdún 1903 sọ pé mọ́tò kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan, kò sì sí àyè láti díje ní ojú títì. Nítorí náà ni ọkùnrin onílẹ̀ kan, Hugh Locke King, ṣe kọ́ pápá eré-ìje sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ ní Weybridge, ní agbègbè Surrey. Brooklands ni orúkọ pápá náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó gbà pé òun ni pápá àkọ́kọ́ ní ayé tí wọ́n dìídì kọ́ nítorí ìdíje mọ́tò. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1907 ni wọ́n ṣí i. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Ó fẹ̀ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, àyíká rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 2.75. Níbi tí ó bá ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè bí ògiri ilé, ó ga tó 30 ẹsẹ̀ bàtà, kí ọkọ̀ lè yí i ká láìdẹ eré. Ọkùnrin náà ná nǹkan bí 150,000 pọ́n-ùn, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí nínú ìtàn Brooklands kì í ṣe kọnkéré rẹ̀, bí kò ṣe odi tí ó yí i ká. Nínú odi, sá eré tí ó bá wù ọ́. Bí o bá ti gba ẹnu géètì jáde, o ti di ara ìlú, òfin ìlú ni o ó sì tẹ̀lé. Ọ̀tọ̀ ni ibi eré, ọ̀tọ̀ ni ibi ìrìn. Ìyá tí ó ru igbá kò sí nínú pápá; ọmọ ilé-ìwé kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ewu, tí ó sì gbà á.

Odi náà nìkan kọ́. Kété tí wọ́n ṣí pápá náà, ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 1907, awakọ̀ kan tí à ń pè ní S. F. Edge fi ọkọ̀ Napier sáré níbẹ̀ fún wákàtí 24 gbáko, tọ̀sán tòru, ó sì ń sá tó máìlì 65 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń gbé ní àdúgbò kò lè sùn. Wọ́n fi ẹjọ́ sùn, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi di pé kò sí eré òru mọ́ ní Brooklands. Nígbà tí ó di ọdún 1929 tí ẹgbẹ́ kan fẹ́ ṣe ìdíje oníwákàtí 24, wọ́n ní láti pín in sí méjì, wákàtí 12 ní ọjọ́ kìíní, wákàtí 12 ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì ti àwọn ọkọ̀ mọ́lé ní òru. Ẹ gbọ́ ná: oorun aládùúgbò borí eré ọlọ́rọ̀! Ní tiwa ńkọ́? Ẹ̀mí aládùúgbò gan-an kò tíì borí ìkánjú ẹni tí ó fẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde kí ọjà tó tú.

Brooklands kò sí mọ́ gẹ́gẹ́ bí pápá ìdíje. Ogun àgbáyé kejì ni ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1939, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì lọ sí ibẹ̀ ṣì lè rí díẹ̀ nínú ògiri kọnkéré náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kú.

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwọn tí ó wà nínú odi ńkọ́, ṣé wọn kò kú? Wọ́n kú púpọ̀. Percy Lambert ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rin ju 100 máìlì lọ láàárín wákàtí kan, ní Brooklands, ní oṣù Kejì ọdún 1913. Kí ọdún náà tó parí, táyà bẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní pápá kan náà, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1955, ọkọ̀ Mercedes kan fò wọ àárín òǹwòran, ènìyàn tí ó kú sì lé ní 80. Nítorí èyí ni ilẹ̀ Switzerland ṣe fi òfin de irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ní Spa ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1966, òjò rọ̀, ọkọ̀ Jackie Stewart sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Irin há a mọ́ inú ọkọ̀, epo bẹntiróòlù sì ń dà sí i lára. Kò sí dókítà, kò sí olùṣọ́ pápá ní tòsí. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n dúró, tí wọ́n tọrọ spánà lọ́wọ́ òǹwòran kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ aláìsàn sì dé, ó tún ṣìnà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ǹjẹ́ ìtàn yìí kò jọ tiwa? Àwọn tí ń kọjá lọ ni ó ń fi ọwọ́ lásán yọ ènìyàn nínú irin. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ akẹ́rù ni a ń bẹ̀ kí ó gbé ẹni tí ó farapa. Bí a bá sì dé ilé ìwòsàn kan, wọn a ní kí a máa lọ sí òmíràn. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Stewart dúpẹ́ pé òun yè, ṣùgbọ́n kò fi mọ sí ibi ọpẹ́. Ó ní kí wọ́n fi irin dínà sí ẹ̀bá pápá, kí dókítà wà ní ìmúrasílẹ̀, kí gbogbo awakọ̀ de bẹ́líìtì ìjókòó, kí a má sì díje níbi tí kò bá sí nǹkan wọ̀nyí. Àwọn kan pè é ní ojo. Kò dáhùn. Ó ń sọ ọ́ títí wọ́n fi ṣe é.

Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà láàárín wọn pé ikú kan kò gbọdọ̀ lọ láìsí ìbéèrè. Ní Imola ní ọdún 1994, Roland Ratzenberger kú ní ọjọ́ Sátidé, Ayrton Senna kú ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Wọ́n yẹ pápá wò, wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì yí òfin padà. Ogún ọdún kọjá kí òmíràn tó ṣe awakọ̀ ní ìdíje Formula One, èyí ni ti Jules Bianchi tí ó forí gbọgbẹ́ ní Suzuka ní ọdún 2014, tí ó sì kú ní ọdún 2015. Wọ́n tún bèèrè. Láti ọdún 2018, irin kan ti wà lókè orí awakọ̀ gbogbo láti dáàbò bò ó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló kọ́kọ́ bú irin náà pé ó burẹ́wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ní Bahrain, ọkọ̀ Romain Grosjean já sí méjì, ó kọ lu irin ẹ̀bá ọ̀nà, iná sì gbà á. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú iná. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Eré wọn kò dín kù; ikú ni ó dín kù.

Àwọn kan lára àwọn ọ̀dọ́ wa, nígbà tí wọ́n bá gbọ́ èyí, yóò ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ìjọba kọ́ pápá eré-ìje fún àwa náà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí àwọn tí ara ń ta lọ máa sáré níbẹ̀." Mo gbọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣàìní irú pápá bẹ́ẹ̀. Kyalami wà láàárín Johannesburg àti Pretoria láti ọdún 1961, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìdíje Formula One ti ilẹ̀ South Africa láti 1967 títí di 1985 nígbà púpọ̀, kí ó tó tún padà wáyé ní 1992 àti 1993. Láti 1993, Formula One kò tíì tún díje ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èdè Súlú ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ilé mi". Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń jẹ́ ní ìlú tí ìjọba rẹ̀ ń lé aláwọ̀ dúdú kúrò nílé baba rẹ̀! Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ awakọ̀ Renault àti Ligier kọ̀, wọn kò lọ díje níbẹ̀ nítorí ìwà ìyanjẹ náà. Nítorí náà, pápá tí ó ń dán kì í fi hàn pé ilé dára. Bí a ò bá tíì lè tọ́jú ẹni tí ń rin ìrìn ara rẹ̀ ní ọ̀nà oko, kí ni a ó fi tọ́jú ẹni tí ń sá eré nínú pápá? Kí a tó kọ́ Kyalami tiwa, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà wa kọ́kọ́ jẹ́ ilé wa.

Àwọn mìíràn yóò ní kì í ṣe eré ni ó ń pa wá, pé ihò ojú títì ni. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀bi ìjọba sì ni ihò ojú títì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e kúrò lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà kan ṣe tán, tí ó ń dán, kí ni awakọ̀ fi ń dúpẹ́? Eré ni! Ọ̀nà tí ó dára kò mú ọgbọ́n wá fún ẹsẹ̀ tí ó wà lórí iná mọ́tò.

Àwọn kan yóò tún ní awakọ̀ kò lẹ́bi, pé àìní ni ó ń lé e. Èyí ni mo kà sí jù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní iye owó tí ó gbọdọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lálaalẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tó rí tirẹ̀. Bí kò bá lọ kí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ebi ni yóò sùn. Ọlọ́kadà kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ àgbégilódò tí ń kó gẹdú jáde láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Nítorí náà, ebi wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi awakọ̀ ni, kì í ṣe ebi ọ̀nà. Ebi awakọ̀ sì ní oògùn. Ọlọ́kọ̀ lè dín iye tí ó ń gbà kù, ẹgbẹ́ awakọ̀ lè fi òté lé iye ìgbà tí ọkọ̀ kan lè lọ kí ó bọ̀ lóòjọ́, èrò sì lè yé sọ pé, "Dírẹ́bà, tẹná mọ́ ọn, mo ti pẹ́!"

Ibi tí ó kàn wá gan-an nìyẹn. Nínú pápá eré-ìje, awakọ̀ kì í ṣe ọba. Olùṣọ́ pápá wà tí ó di àsíá mú. Bí ó bá na àsíá ofeefee, ewu wà níwájú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹnìkejì sílẹ̀. Bí wọ́n bá na pupa, eré dúró, kí olúkúlùkù rọra wọlé. Awakọ̀ tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ayé ń tẹrí ba fún àsíá náà. Ta ni ó di àsíá mú ní ojú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè? Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò lè wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Èrò tí ó wà nínú ọkọ̀ ni. Ènìyàn 14 tàbí 18 jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ẹnu gbogbo wọn wà ní pípa, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń fi ẹ̀mí wọn ta tẹ́tẹ́!

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kò lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ikú tí ń pa àwọn ènìyàn, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mú un kígbe. Igbe náà ni ó bí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí gbogbo wa mọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti inú ọgbà yunifásítì ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Yunifásítì tiwa ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982. A ti dàgbà tó ẹni tí í kígbe.

Nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kan tí a ó máa kọ gbogbo ìjàm̀bá ọkọ̀ tí ó bá kan ẹnikẹ́ni nínú wa sí: ọjọ́ rẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ó fà á. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, a ó kàn máa sunkún rẹ̀ ni, a kò ní kọ́gbọ́n níbẹ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ náà àti àwọn aláṣẹ yunifásítì jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, kí wọ́n fẹnu kò lórí eré tí ó yẹ. Òfin Nàìjíríà ti sọ pé kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni eré àárín ìlú. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyẹn, kí awakọ̀ tí ó bá rú u má rí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gbé ní géètì. Àgbàdo ni ó ń pe adìẹ. Bí owó bá yà lẹ́yìn eré, eré yóò dẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wa di àsíá tirẹ̀ mú. Bí eré bá ti pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́. Bí awakọ̀ kò bá gbọ́, ẹ ní kí ó dúró, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Wọn yóò pè yín ní ojo bí wọ́n ti pe Stewart. Ojo tí ó délé sàn ju akíkanjú tí a gbé wálé lọ.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, orí igi náà ni ó sì ń gbé jẹun. Ẹ máa gba àdúrà yín nígbà tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀, èmi náà yóò ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe àmín tán, ẹ la ojú, kí ẹ sì la ẹnu pẹ̀lú. Ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.